Ìyá Àgbà Tí A Pè Ní Àjẹ́

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú wa tí a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí a lè sọ ọ́. Nísinsìnyí tí àwa náà ń múra láti lọ ṣe olùkọ́ ní ìlú onílùú, ó yẹ kí a sọ ọ́, nítorí pé ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ òpè.

Òmù-Àrán ni a bí wa sí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ìyá tí ó bí baba wa ni ó tọ́ wa dàgbà, iṣẹ́ irú ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ irú mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. A óò se é láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a óò tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, a óò ṣàn án, a óò tún un sè, a óò sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọwọ́ Ìyá Àgbà mọ́, ẹnu wọn sì tutù. Nínú gbogbo agbo ilé wa, kò sí ọmọ tí ó lè sọ pé òun gbọ́ èébú láti ẹnu wọn. Àwọn ni àwọn ìyàwó ilé máa ń sá tọ̀ nígbà tí ìjà bá dé.

Nígbà tí ọjọ́ orí wọn lé ní ọdún 80, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan wọ́n fún oníbàárà kan ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ mìíràn wọ́n gbé ìkòkò ka iná, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, irú náà sì jóná. Wọn a béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ wa nígbà márùn-ún kí ọbẹ̀ tó jinná. Wọn a fi orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n ti kú pè wá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè nípa ọjọ́ tí a mú wọn wá sílé ọkọ, wọn a ka orúkọ àwọn tí ó ru ẹrù wọn láìṣì ọ̀kan. Nítorí náà a rò pé wọ́n ń bá wa ṣeré ni, a sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó di ọdún kejì, ọ̀rọ̀ kọjá ẹ̀rín. Ìyá Àgbà ń dìde lóru, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń rìn káàkiri agbo ilé nínú òkùnkùn. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí ilé baba àwọn. Wọ́n ń bá ẹni tí àwa kò rí sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹnu tí kò mọ èébú rí wá ń bú tọmọdé tàgbà. Ní ọjọ́ kan wọ́n tú aṣọ sílẹ̀ lójú àwọn àlejò.

Láàárín ìgbà náà ni ọmọ kékeré kan kú ní agbo ilé kejì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aríran wá, ó dúró níwájú wọn, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ pa ọmọ náà?” Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ó ń fẹ́ tẹ́ àlejò lọ́rùn, wọ́n ní, “Èmi ni.” Ó ní, “Ẹ̀yin àti ta ni?” Wọ́n dárúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin méjèèjì. Àwọn méjèèjì ti kú kí a tó bí baba wa. Kò sí ẹni tí ó kíyè sí i.

Níbo ni àwa wà? Àwa wà níbẹ̀. A gbọ́ ọ, a sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn mọ́. A kó wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, a sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti òde ní alẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin sì rán ènìyàn wá ṣe ìwádìí ìdílé wa, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí wọ́n gbọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà dúró sójú kan. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù wá bà wá fún ara wa: bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ni ohun yìí wà ńkọ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba wa kan, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó wá là wá lóye. Ó jókòó ti Ìyá Àgbà fún ọjọ́ méjì láìsọ ohunkóhun fún wa. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Ọpọlọ wọn ni ó ń kú díẹ̀díẹ̀.”

Ọpọlọ ènìyàn kò wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń jíṣẹ́ nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86. Ibẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára ti ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń padà lọ, bí ọ̀nà oko tí gbogbo wọn já sí ààrin ìlú. Kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo iṣẹ́ ọpọlọ ti ń ṣe. Apá kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tí ń gba ohun tuntun pamọ́; ibẹ̀ ni àìsàn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àná fi sọnù, tí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe sì kù. Apá kan wà níwájú orí tí ń kó ìwà ní ìjánu. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ẹni pẹ̀lẹ́ lè di eléèébú, onítìjú sì lè tú aṣọ. Apá kan ń ya ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára òru. Bí ó bá dàrú, arúgbó a máa rìn lóru. Ojú ń ríran, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ó ń sọ ohun tí ojú rí. Bí ó bá ṣì í sọ, òjìji a di ènìyàn.

A béèrè pé, “Èé ṣe tí wọ́n fi jẹ́wọ́?” Ó dá wa lóhùn pé ọpọlọ kò fẹ́ràn ihò. Níbi tí ìrántí bá ti ya, ọpọlọ a fi ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ ọn dí i, ẹni náà kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní, “Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n kọ́ ààfin Ọlọ́mù.” A bi wọ́n. Ìyá Àgbà ní, “Èmi ni.” Nígbà náà ni orí wa wú.

Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ni ó kọ́kọ́ ròyìn àìsàn yìí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1906, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ọpọlọ obìnrin kan tí ó kú wò, tí ó sì rí ìdọ̀tí àti okùn tí ó ta kókó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní orúkọ fún un: ṣíṣarán ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí arúgbó ọkùnrin bá ń rìn lóru tí ó ń sọ̀rọ̀kọ́rọ̀, a óò ní, “Baba ti ń ṣarán.” Bí obìnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, a óò ní, “Àjẹ́ ni.” Àìsàn kan náà ni; ọ̀kan gba àánú, èkejì gba ẹ̀sùn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ìdílé tí ó bà wá lẹ́rù, Ìbàdàn ni a ti rí ìdáhùn. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, wà lára àwọn aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí àwọn arúgbó ní Ìdíkàn, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó tí ó ti pé ọdún 65, àwọn tí àìsàn ìṣarán ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú lọ́dún jẹ́ 3.24 ní Indianapolis, ṣùgbọ́n 1.35 péré ni ní Ìbàdàn. Jíìnì kan sì wà tí à ń pè ní APOE, èyí tí òbí fi ń jogún fún ọmọ; oríṣi rẹ̀ tí a fi nọ́ńbà 4 sàmì sí a máa mú kí àìsàn náà tètè rí àyè lára àwọn òyìnbó. Oríṣi yìí kò ṣọ̀wọ́n lára àwọn ará Ìbàdàn, síbẹ̀ agbára rẹ̀ lára wọn kéré gan-an.

Àgbẹ̀ ni baba wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní ebu iṣu kan náà ni ènìyàn lè gbìn sí ilẹ̀ méjì, kí ọ̀kan ta kí èkejì má ta. Ebu kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n ebu nìkan kọ́ ni iṣu. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ọwọ́ tí ń ro oko sì wà níbẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn àna, ó sì bá wọn sọ ọ́ láìfi nǹkan pamọ́. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa wáyé.

A ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìnkùlé. A kò bá Ìyá Àgbà jiyàn mọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sí ilé baba àwọn, ọ̀kan nínú wa a bá wọn rìn yí agbo ilé po, wọn a sì padà wálé ní àlàáfíà. A ń tan fìtílà sílẹ̀ lóru kí òjìji má bàa di ènìyàn. Ní ọjọ́ kan ìyá wa gbé igbá irú síwájú wọn, pẹ̀lú ewé. Àwọn tí kò mọ orúkọ wa mọ́ na ọwọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n irú náà sínú ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dọ́gba. Ìrántí ọwọ́ kò gbé ibi tí ìrántí orúkọ ń gbé nínú ọpọlọ; àìsàn náà kò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n ń kọrin. Ó lé ní ọdún kan tí a ti gbọ́ orin wọn kẹ́yìn.

Wọ́n lo ọdún méjì sí i láàárín wa kí wọ́n tó kú. A tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rántí ohun tí a ṣe, nítorí náà àwa nìkan ni a ru ẹrù rẹ̀.

Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa. Ẹgbẹ̀rún ère òkúta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó wà níbẹ̀. Ní 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún ayé, ní 1945 sì ni a ṣí ilé wọn, èyí tí ó jẹ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Orí ti kán kúrò lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ a kọ́ ilé fún wọn, a sì ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí a tún padà lọ wò wọ́n, ojú tì wá. A ti mọ bí a ti ń tọ́jú òkúta tí orí rẹ̀ fọ́. Ìyá tí ó wẹ̀ wá, tí ó pọ̀n wá, ni a kò mọ bí a ti ń tọ́jú.

Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, dípò kí a dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tí ó ṣe nínú abúlé, àwa lè ṣe é nínú agbo ilé wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ìlú tí a óò rán yín lọ kò ní ṣàìní ìyá arúgbó kan tí àwọn ọmọdé ń sọ ní òkò. Olùkọ́ ni ẹ óò jẹ́ níbẹ̀, wọn yóò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ má ṣe dákẹ́ bí àwa ti dákẹ́.