Ọdẹ Tí Kò Ní Ìbọn

Bí ọdẹ Ajue bá gẹ̀gùn lóru, kò gbọdọ̀ húkọ́, kò gbọdọ̀ tòògbé. Nínú Igbó Ọmọ, lọ́nà Ọ̀rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀rọ ayàwòrán tí a so mọ́ ara igi ti ń bá ọdẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí, láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ooru ara ẹran tí ń kọjá ni í jí i. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí ni í fi í yàwòrán nínú òkùnkùn. Ó ti ya erin níbẹ̀, erin igbó tí àjọ IUCN kà mọ́ àwọn ẹran tí ó wà ní bèbè ìparun ní ọdún 2021.

Bí agégẹdú bá ní igbó ti ṣófo, àwòrán yìí ni ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá eyín erin náà lójú. Nítorí náà ni ayàwòrán tí ó mọṣẹ́ ṣe í fi erin han aráyé, tí í sì í pa orúkọ odò tí ó ti ń mumi mọ́.