Mọ́tò Tó Dúró Tí Kò Sinmi

Pópó Yemọja,
Ìbàdàn.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ọ̀rọ̀ ẹyin rẹ tó bàjẹ́ yẹn dùn mí gan-an. O ní àpótí ìsàba rẹ gbóná bó ṣe yẹ, àtùpà kẹrosíìnì ò kú, àmọ́ bátìrì tó ń yí ẹyin kì í rí òwúrọ̀, mọ́tò sì ń gbóná nígbà tí kò yí. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Mọ́tò stepper ò dà bíi ti fáànù. Kọ́ìlì mẹ́rin ló wà nínú 28BYJ-48 kékeré tí àwa méjèèjì ń lò. Bí kọ́ọ̀dù inú Arduino bá ṣe ń tàn wọ́n tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ ni òòfà àárín ń ṣísẹ̀ tọ̀ wọ́n, ìṣísẹ̀ 2048 sì ni ọ̀pá ìta mọ́tò fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tí yíyí bá parí, kọ́ìlì tó tàn kẹ́yìn ò kú o. Wo alábàárù ní Ọjà'ba tí oníbàárà ní kó dúró de òun díẹ̀: kò rìn mọ́, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀, ọrùn ò sinmi.

Tí 5V bá wọlé, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ń fa bíi 80 mA, méjì ló sì ń tàn pọ̀. 160 mA fún wákàtí 24 jẹ́ 3,840 mAh. Bátìrì wo ló fẹ́ gbé ìyẹn? Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni mo fi ń yí ẹyin ní wákàtí méjì-méjì, ìṣẹ́jú àáyá 36 lójúmọ́. Kò tó 2 mAh! Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo ṣírò rẹ̀ sórí bébà, mo pe gbogbo ilé wá wò ó.

Nítorí náà, tó bá ti yí tán, jẹ́ kí kọ́ọ̀dù sọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lọ bá ULN2003, èyí tó ń tan iná fún kọ́ìlì, di LOW, kí iná kọ́ìlì kú. Tíréè ẹyin ò ní yí padà, tó bá ṣáà ti dúró déédéé lórí ọ̀pá rẹ̀. Jíà inú mọ́tò náà ń dín eré kù bí ìlọ́po 64, eyín rẹ̀ ló ń di ẹrù mú. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí a yọ lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù, tí kò ní jíà, ìyẹn lè yọ̀ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀dù Arduino Uno náà ń jẹ iná, bíi 50 mA láìṣe nǹkan kan. Mo yọ ATmega328P tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, mo so òun nìkan, mo sì ní kó máa sùn. Aago inú rẹ̀ ń jí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ-mẹ́jọ. Tó bá ka 900, wákàtí méjì pé nìyẹn, á yí ẹyin, á tún sùn.

Má fi bátìrì 3.7V kan ṣoṣo wa mọ́tò yẹn. ULN2003 ń jẹ bíi 1V nínú rẹ̀. Mọ́tò á gbọ̀n, á fo ìṣísẹ̀, kọ́ọ̀dù ò sì ní mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń jíṣẹ́ padà fún un. Power bank náà kọ́: ọ̀pọ̀ wọn ń pa ara wọn tí iná tí à ń fà bá ti kéré jù. Mo rìn dé Bẹẹrẹ lọ ra bátìrì AA mẹ́rin tó ṣeé cháàjì, 1.2V ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí ìṣísẹ̀ tó bá fò, mo tún fi súìṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ tíréè. Tí tíréè bá ti kàn án, òǹkà ìṣísẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Láti ọjọ́ kìíní, mi ò tíì cháàjì àwọn bátìrì náà.

Ìyá àgbà inú agboolé wa wá wò ó. Wọ́n ní adìẹ tó bá ń sàba, ẹnu ló fi ń yí ẹyin rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ọmọ inú má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Wọ́n wá jókòó ti àpótí náà títí tó fi yí. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń mi orí.

Ọ̀túnla ni ọjọ́ kejìdínlógún ẹyin tèmi. Mo máa yọ bátìrì nígbà náà, torí a kì í yí ẹyin mọ́ títí di ọjọ́ kọkànlélógún tí wọ́n á pa. Méjìlá ni mo kó sí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò, mẹ́sàn-án ló ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Tún kọ́ọ̀dù rẹ ṣe kó o tó kó ẹyin mìíràn sí i, kó o sì kọ iye ọjọ́ tí bátìrì bá lò ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí ìyá wa.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ.