Níbo Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta Ti Lè Rí Òwò?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ àwọn ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Alábàtà, ìbáà jẹ́ àwọn ti Pólì Moshood Abíọ́lá ní Òjèrè, tàbí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀sìẹ̀lẹ̀. Òwò wo ni ènìyàn lè ṣe tí yóò fi máa rówó ná láìfi ìwé sílẹ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òbí tí ó tètè gba àjọ tirẹ̀ kí ọmọ lè san owó iléèwé ní sáà yìí kò ní àjọ mìíràn tí yóò gbà ní sáà tí ń bọ̀. Owó yàrá ń gùn, owó ọkọ̀ láti Kútọ̀ dé Alábàtà ń gùn, àwọn ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí láti ọjọ́ pípẹ́ sì ń bẹ nílé, tí wọ́n ń retí iṣẹ́ tí kò tíì dé.

Ìjọba pàápàá ti gbọ́ ìbéèrè yìí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ̀kọ́ nípa dídá òwò sílẹ̀ ti di dandan ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ọṣẹ ṣíṣe, á kọ́ aṣọ rírán, á sì kọ ìwé ètò òwò tí olùkọ́ yóò fún ní máàkì. Lẹ́yìn máàkì, ìwé náà á wọ inú fáìlì, ọ̀rọ̀ òwò á sì parí síbẹ̀. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè ni iye owó tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ àti iye èrè tí wọ́n ń retí. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú méjèèjì ni pé ta ni ìyà ń jẹ, kí ni ó ń fi ìyà jẹ ẹ́, ṣé ó sì ti ń náwó báyìí láti bọ́ nínú ìyà náà?

Nítorí pé wọn kì í béèrè ìyẹn, òwò kan náà ni ó kún ẹnu ọ̀nà gbogbo iléèwé. Ẹni kan ń ta dátà, ẹni kejì ń ta òkirìkà, ẹni kẹta ń ta lọ́fínńdà, ẹni kẹrin gbé ẹ̀rọ POS kalẹ̀ sábẹ́ agboòrùn. Kò sí ẹ̀bi lára èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti fi òkirìkà parí iléèwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn mẹ́fà bá ń ta lọ́fínńdà nínú ilé kan ṣoṣo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ara wọn ni wọ́n ń tà á fún. Ẹni tí ó bá dín owó kù jù ni yóò tà, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ gbèsè.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òjèrè máa wo orúkọ tí ó wà lára iléèwé wọn dáadáa. Ní 1979 tí wọ́n dá a sílẹ̀, Pólì Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí jẹ́ ti ọmọ Ẹ̀gbá Gbágùrá kan tí ó ti ń ṣòwò kí ó tó mọ̀ pé òwò ni òun ń ṣe. Ní 1937 ni wọ́n bí Moshood, sínú ilé tí ojú ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ ọmọ: òun ni ọmọ kẹtàlélógún bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ó dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Káṣìmáawò. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń wọ inú igbó ní ìdájí láti ṣẹ́gi; á ru ú wọ ìlú, á tà á, kí ó tó gba iléèwé lọ.

Ẹ wo òwò igi yẹn. Kò sí ohun tuntun kankan nínú rẹ̀. Igi ni Abẹ́òkúta ìgbà náà fi ń dáná, nítorí náà kò sí ìdí láti polówó fún ẹni tí yóò rà á. Ebi ni ó ń polówó. Owó ìdókòwò kò ju agbára ẹsẹ̀ àti orí tí yóò rù ú lọ. Owó ọjà ń wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tí ó fi jẹ́ pé bí àdánù bá tilẹ̀ wà, àdánù ọjọ́ kan ni. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó ẹgbẹ́ eléré jọ, wọ́n ń ṣeré níbi ayẹyẹ. Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tí òkìkí wọn kàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó, owó náà ni ó sì fi ran ẹbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní Baptist Boys' High School. (Níbẹ̀ ni ó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn iléèwé, tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. Iléèwé kan péré!) Àwọn tí ń sọ ìtàn Abíọ́lá máa ń sáré kọjá lórí igi àti ìlù kí wọ́n lè tètè dé ITT àti ọ̀rọ̀ owó ńlá. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀, ibi igi gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ìdáná àti ayẹyẹ ni ọmọ náà mú, ohun méjì tí Ẹ̀gbá kì í dẹ́kun ṣíṣe.

Ẹnìkan lè wí pé ayé igi ti kọjá, ayé kọ̀ǹpútà ló kù. Ó dára. Nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ní Ọ̀tà, ni Yunifásítì Covenant wà, níbi tí Odúnayọ̀ Ewéníyì, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze ti kàwé. Òwò kan tí wọ́n ti jọ ṣe ṣáájú ni bíbá àwọn ènìyàn wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìparí 2015, obìnrin kan gbé àwòrán kóló onígi sórí Twitter: ó ti ń ju ₦1,000 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí owó náà fi di ₦365,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí àwòrán náà, wọ́n yìn ín, wọ́n sì kọjá lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí kò kọjá lọ. Ní 2016 wọ́n gbé Piggybank.ng kalẹ̀, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí PiggyVest ní 2019. Kóló kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni àjọ. Alájọ tí ń gba owó kiri ọjà ti wà kí àwọn bàbá wọn tó dáyé. Ohun tí ó jẹ́ tuntun kò ju pé wọ́n mú ihò kóló kúrò lára igi, wọ́n sì gbé e sínú fóònù. Bákan náà ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n dá Jobberman sílẹ̀ ní 2009, lákòókò tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ni gbogbo ẹgbẹ́ wọn yóò máa wá lọ́la. Iṣẹ́ wíwá ni wọ́n sọ di òwò.

Kí ni ó wá wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó jọ kóló yẹn, tí gbogbo ojú ń rí tí kò sì sí ẹni tí ó dúró wò ó?

Ẹ mú láfún. Ẹni tí kò mọ Abẹ́òkúta rárá mọ àmàlà funfun rẹ̀. Ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ kò lọ́jú: wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Níbi sísá ni wàhálà wà. Orí àpáta àti etí títì ni wọ́n ń sá a sí, níbi tí eruku ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ti ń dà á láàmú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà òjò, kì í tètè gbẹ; á hu, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, ẹni tí yóò rà á á sì já owó lulẹ̀. Ìyá tí ń ṣe láfún mọ iye tí òjò ń gbà lọ́wọ́ òun lọ́dọọdún. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá òwò kiri ní Alábàtà mọ̀ ọ́n? Ilé kékeré tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí oòrùn lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí òjò kò lè wọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìjìnlẹ̀. Igi, ọ̀rá àti àtẹ ni. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ̀ bóyá ìyá náà yóò sanwó lórí àpò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bá a gbẹ, àti iye tí yóò san tí èrè tirẹ̀ kò fi ní pòórá. Èyí kò sí nínú ìwé. Inú ìyá náà ni ó wà, wọ́n sì ní láti lọ bá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí kò sí ìyá ọlọ́jà tí yóò tú ìṣirò òwò rẹ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lónìí.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà náà ń bẹ, ní agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé. Òórùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, òkúta inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń sá fún un. Ẹni tí ó bá lè gbé e dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ láìsí òkúta nínú rẹ̀ kò ní wá oníbàárà tì.

Ọ̀ràn àdìrẹ gba pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé Ìtòkú sábà máa ń ronú kan náà: òun yóò ra aṣọ, òun yóò gbé àwòrán rẹ̀ sórí Instagram, òun yóò lé owó díẹ̀ lé e. Òwò alágbàtà ni, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ń ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ìtàn àwọn aláró fúnra wọn ṣe é gbọ́ dáadáa. Ewé ẹlú ni àwọn ìyá wọn ń lò, ó sì ń gba ọjọ́ púpọ̀ kí aró tó pọ́n. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà dé, iṣẹ́ yá, àwọn oníbàárà láti Gold Coast àti Senegal sì ń rà. Ṣùgbọ́n sódà tí kò bá ní ìwọ̀n a máa jẹ aṣọ. Ìráhùn pọ̀, ọjà sì dẹnukọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de aró òyìnbó àti sódà; àwọn obìnrin aláró kò gbà, ọ̀ràn náà sì le títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin yẹn kórìíra aṣọ tó dára. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò lè padà sí ẹlú nìkan kí àwọn sì rí oúnjẹ jẹ. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹni tí yóò bá wọn wọn sódà.

Lónìí, ìṣòro náà ti pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀rọ ní Ṣáínà ń tẹ àwòrán àdìrẹ sórí aṣọ, wọ́n ń kó o wọ Ìtòkú gan-an, ní iye tí aláró kò lè tà láìjẹ gbèsè. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún àdìrẹ, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó fẹ́ ra ojúlówó kò lè fọwọ́ kan aṣọ lójú fóònù. Kí ni yóò fi mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ta ni ó ṣe é, ṣé aró rẹ̀ kò ní ṣí bí ó bá fọ̀ ọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́míkà lè dán aró wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà lè fi àmì sí etí aṣọ tí yóò gbé orúkọ aláró àti fọ́tò agbo ilé rẹ̀ jáde. Omi aró tí ń ṣàn sínú gọ́tà náà ń dúró de ẹni tí yóò bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Bí wọ́n bá ń béèrè òwò ní Abẹ́òkúta, ojú Ìtòkú nìkan tó mẹ́ta.

Ìkánjú ni ó ń ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ní Alábàtà níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tí ó bí adìyẹ FUNAAB Alpha, láti ara adìyẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Ní 1994 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọdún 2018 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ọdún mẹ́rìnlélógún láti fi dúró, ṣùgbọ́n ó lè dúró lórí ohun tí àwọn tí wọ́n dúró ti ṣe. Lọ́dọọdún ni àwọn tí ń jáde ń kọ àpilẹ̀kọ, wọ́n ń dì í, wọ́n ń gbé e sórí pẹpẹ ilé ìkàwé: bí ẹ̀gẹ́ ṣe lè pẹ́ nílẹ̀, ohun tí a lè fi èèpo rẹ̀ ṣe, bí tòmátì kò ṣe ní rà. Eruku ni ó ń kà wọ́n.

Ohun kan sì tún wà tí wọn kì í kọ́ni nínú kíláàsì. Òwò tí oníbàárà rẹ̀ kò ju àwọn ará yàrá kejì lọ máa ń kú ní ọjọ́ tí olówò bá gba ìwé ìpè láti lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Kẹ́bbí tàbí Tàrábà. Ọ̀pọ̀ òwò akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti kú báyìí, kì í ṣe nítorí pé kò pa owó. Èyí tí ó bá ní ìyá oníláfún tàbí aláró nínú, tí wọ́n jọ mọ owó tí ń wọlé, ẹnìkan yóò wà nílé tí yóò máa ṣí i láàárọ̀. Kí wọ́n tó jọ ṣe é, wọn yóò ní láti jókòó sọ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, àti bí èrè yóò ṣe pín. Ìyá náà yóò fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà mú ìwé àti bírò lọ, kí ó sì lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.