Ìsinmi Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ilé-ìwé wa kọ́ wa ní iṣẹ́ àṣekára. Kí oòrùn tó yọ ni agogo ti ń jí wa láti gbálẹ̀ àti láti pọn omi, ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ sì ti wà lẹ́nu wa láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n agogo kan náà ni ó ń lé wa lọ sùn ní alẹ́. Apá kejì ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ rán wa létí, nítorí àwọn baba wa tí wọ́n yin iṣẹ́ náà ni wọ́n wí pé ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Ní ọdún kẹrìnlá tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà, ìjọ mẹ́ta ni a fi sí abẹ́ ìtọ́jú mi. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìpàdé ìgbìmọ̀, ìbẹ̀wò aláìsàn: ọjọ́ kan kò ṣófo nínú ọ̀sẹ̀. Àárẹ̀ tí mo gbé sùn ni mo ń gbé jí. Bí mo bá ṣí Bíbélì láti múra ìwàásù sílẹ̀, ojú ń kà á, ọkàn kò gbà á. Dókítà yẹ̀ mí wò, kò rí àrùn kankan.

Mo kọ ìwé sí ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ Olúwa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní ọjọ́ Ajé yóò jẹ́ ọjọ́ ìsinmi mi. Yàtọ̀ sí ikú tàbí àìsàn tí ó le, n kò ní jáde fún iṣẹ́ kankan ní ọjọ́ náà. Mo sì tọrọ olùrànlọ́wọ́. Àgbà ìjọ kan bi mí pé, “Ta ni yóò máa ṣọ́ agbo lọ́jọ́ Ajé?” Mo dáhùn pé, “Baba, Ẹni tí ó ni agbo ni.” Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, èsì dé: kò sí olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n a fọwọ́ sí ọjọ́ Ajé. Mo di í mú ṣinṣin, ọkàn mi sì padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àlàyé irú àárẹ̀ báyìí. Wọn kò kà á sí àìsàn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí ó pẹ́, tí a kò sì rí ojútùú sí, ni ó ń fà á. Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ ni a ó ti wá ìwòsàn rẹ̀, kì í ṣe ilé olóògùn nìkan. Jẹ́tírò ti rí i ṣáájú, nígbà tí ó kìlọ̀ fún Mósè pé bí òun nìkan bá ń dájọ́ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, àti òun àti àwọn ènìyàn ni yóò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ̀rọ̀ kí agbára yín tó tán. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe àti ọjọ́ tí ẹ kò lè ṣe é. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ti di ọ̀gá. Ẹ tún òfin kẹrin kà: baba ilé ni Ọlọ́run ń bá wí nípa ìsinmi ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Awakọ̀ wa ńkọ́? Ọmọbìnrin tí ń dáná fún wa ńkọ́? Ohun tí ó lè dúró di òwúrọ̀, ẹ má ṣe torí rẹ̀ pe òṣìṣẹ́ yín lóru.