Ìmọ́lẹ̀ lórí àwọn mọ́tò kéékèèké mi

Towé ni ilé mi wà, lágbègbè Pobè. Bí ẹ bá wọ ilé mi, pákó kan tí mo kàn mọ́ ògiri ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Mọ́tò kéékèèké 12 ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń ṣeré ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Peugeot 404 ló ń wà, irú èyí tí a ń fi aṣọ líle bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ń pè ní báṣé. Ó máa ń fi kó èrò àti àgbàdo lọ sí Àjàṣẹ́. Ọdún 1960 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 404. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agolo sàdíìnì ni mo fi ṣe tèmi. Ìdérí ìgò ni táyà rẹ̀. Mo kùn ún ní pupa bíi ti Bàbá. Bàbá ti kú, mọ́tò rẹ̀ ti dípẹtà. Ti agolo yìí nìkan ló kù.

Ọjà ni mo ti ra àwọn yòókù. A kọ 1/43 sábẹ́ òmíràn. Kí n tó mọ̀wé, mo rò pé iye owó ni. Kíláàsì ni mo ti mọ̀ pé mọ́tò gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 43. Bí mọ́tò gidi bá gùn ní sàǹtímítà 430, èyí kékeré á gùn ní sàǹtímítà 10.

Nígbà náà, a kò ní iná mànàmáná. Mo gbé àtùpà elépo sórí pákó náà kí àlejò lè rí wọn dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi nawọ́ sí mọ́tò pupa yẹn. Àtùpà ṣubú, iná mú ẹní. Ìyá àwọn ọmọ fa ọmọ náà kúrò, ó sì da iyanrìn bo iná. Bó bá jẹ́ omi ló dà á sí, epo ìbá léfòó sórí omi, iná ìbá sì tàn káàkiri. A dúpẹ́, ọmọ kò fara jóná.

Mo wá gbé wọn sójú fèrèsé. Oòrùn tún pa àwọ̀ wọn rẹ́. Pupa mọ́tò Bàbá ti ṣì.

Ní báyìí, iná kékeré LED ni mò ń lò. Bátìrì tí oòrùn ń gbà sí ló ń tàn án. Kì í gbóná bíi ti àtùpà, kò sì ní èéfín. Òkè, níwájú wọn, ni mo fi í sí, kí ojú mọ́tò má baà ṣókùnkùn. Bí àlejò bá lọ, mo pa á. Nígbà ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbọn eruku wọn.

Ẹ̀yin ará, ẹ tọ́jú ohun ìrántí yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé àtùpà síbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Èmi àti ọmọ náà ti fi agolo ṣe mọ́tò mìíràn. Ìyẹn, ilẹ̀ ló wà. Kó máa fi ṣeré.