Sí Àbẹ̀kẹ́ mi tó fẹ́ di panápaná



Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àǹtí rẹ náà ti pè láti Maryland níbẹ̀, ó ní kí n bá ọ wí, pé ọmọ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kò yẹ kó dìde lọ máa wọ ilé tó ń jóná. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, má bínú sí i. Màá fúnra mi bá a sọ̀rọ̀. Èmi kò ní í sọ pé kí o má lọ. Lọ, ṣùgbọ́n kọ́ iṣẹ́ panápaná náà kanlẹ̀. Bí o bá kọ́ ọ kanlẹ̀, mo lè sùn lóru. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ nìkan ló wù ọ́, a jẹ́ pé èmi àti àǹtí rẹ la ó jọ máa bẹ̀ ọ́.

Mo ka ohun tí o kọ nípa ìdánwò agbára tí wọ́n ń pè ní CPAT ní àkàtúnkà. Iṣẹ́ 8 ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wù tó tó nǹkan bíi kílò 23 á wà lọ́rùn rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì tún fi bíi kílò 11 lé e nígbà tí o bá ń gun àtẹ̀gùn. O ó fa rọ́bà omi, o ó na àkàsọ̀, o ó rákò nínú òkùnkùn, o ó wọ́ ère tó wúwo bí ènìyàn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àkókò kan náà ni wọ́n fún obìnrin àti ọkùnrin. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó dákú sínú iná kò ní í fúyẹ́ nítorí pé obìnrin ló wá gbé e.

Ohun tí àwọn tó ń bẹ̀rù nítorí rẹ kò mọ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdajì ìpè tó ń lọ sọ́dọ̀ panápaná tó jẹ́ ti àìsàn àti ìjàǹbá, kì í ṣe ti iná rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ panápaná fi ń béèrè EMT, ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì. Má fojú kéré apá yìí. Bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́, bí a ṣe ń gbẹ̀bí lẹ́bàá ọ̀nà: iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo fi tọ́ ọ dàgbà ni o ń bọ̀ wá ṣe yẹn, inú mi sì dùn sí i ju bí o ṣe rò lọ.

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì láàárín àwọn tí iná jó, èéfín ni mo bẹ̀rù ju iná gan-an lọ. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, tó fi jẹ́ pé ènìyàn á máa mí, ọ́síjìn kò sì ní í ráyè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń fi há aláìsàn níka kì í sábà dá a mọ̀. Á máa kọ 98, á máa kọ 99, bẹ́ẹ̀ aláìsàn ń lọ ni. Ìwọ náà mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sínú ilé ń ṣe fún odidi ìdílé ní ìlú wa níbí.

Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ, ti agolo atẹ́gùn tí ẹ ń gbé sẹ́yìn yẹn ni kí o mú ní ọ̀kúnkúndùn jù. Èyí tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú 30 sí lára kì í tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń lo agbára. Mọ bó ṣe ń yára tán lára tìrẹ. Ìkìlọ̀ rẹ̀ máa ń dún nígbà tó bá ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta; kí ẹ ti máa jáde bọ̀ kó tó dún. Máa wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ojú dídì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan wà. Má dá wọlé láé. Aago ìdágìrì ara agolo náà á ké bí o kò bá mira fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 30, ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ìgboyà kò wọ́n wa ní ìlú wa níbí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Àdó ní Èkó, Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé-ìwé Bethlehem Girls' College, ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ jáde nígbà tí ikú bá a níbẹ̀. Kò ní akoto, kò ní agolo atẹ́gùn. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń gbàdúrà fún ọ. Ìgboyà bíi tirẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ àti irinṣẹ́ dáàbò bò lára rẹ. Nítorí náà, má ṣe kánjú láti ìwé ẹ̀rí Firefighter I bọ́ sí ìpele tó tẹ̀lé e, Firefighter II. Ẹni tó ní ti àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀gá rẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Rí i dájú pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún ọ ní èdìdì Pro Board tàbí ti IFSAC, àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí panápaná, kó lè wúlò fún ọ bí o bá kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2022, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ fi iṣẹ́ panápaná sí ìpele kìíní àwọn ohun tó dájú pé ó ń fà á. Àga fóòmù àti ike tó kún ilé òde òní ló ń sọ èéfín di májèlé, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń gba ara wọlé. Wọ́n ní àwọn panápaná kan níbẹ̀ máa ń fi akoto tí èéfín ti sọ di dúdú yangàn. Ìwọ, fọ tìrẹ. Nu ọrùn àti ọwọ́ rẹ kí ẹ tó kúrò níbi iná, wẹ̀ bí ẹ bá ti dé àgọ́, má sì gbé aṣọ iṣẹ́ sínú mọ́tò rẹ wálé. Bí iná bá kú tí ẹ ń tú àjókù wò, má tíì bọ́ ìbòjú. Gáàsì ṣì wà níbẹ̀ bí o kò tilẹ̀ rí èéfín mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ló bí ọ.

Fi ọjọ́ ìdánwò náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bí wọ́n bá ti mú un. Mo fẹ́ gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ ní tìrẹ, jẹun dáadáa kí o tó lọ.

Èmi ni ìyá rẹ.