Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní Ìlú Ẹ̀ṣọ́

Bí a bá dárúkọ Ìkòyí fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní, Èkó ni ọkàn wọn ń lọ, níbi tí owó ilẹ̀ ti ń dẹ́rù bani. Ìkòyí-Ilé ni tèmi lọ́tẹ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó wà, kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. “Ilé” tó wà lára orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ibẹ̀ ni orírun, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí Ọ̀yọ́-Ilé. Oníkòyí ni ọba wọn. Ní ayé ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, akọni ojú ogun, Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí sì lókìkí láàrin wọn. Àbùkù ńlá ni ọgbẹ́ ẹ̀yìn jẹ́ lójú wọn.

Lónìí, ẹrù oko ni ìlú náà ń kó jáde: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo. Ọkọ̀ ńlá á gbé e gba Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí òpópónà Ìlọrin sí Ìbàdàn, á sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tírélà tó ń kó màlúù àti ọkà bọ̀ láti òkè Ọya. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí ó ti rí: tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, ọ̀nà tóóró.

Mo bá bàbá awakọ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń to iṣu sínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Ó ní, “Oò, ọmọ mi.” Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí, ìwé ọmọ iléèwé tí èépá ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya: iye ẹrù, owó dísù, owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí wákàtí oorun kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tracker wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀gá rẹ̀ sì ń wò ó lórí fóònù láti Ìbàdàn.

“Ẹ̀rọ yìí mọ ibi tí mo dúró sí,” ni ó wí. “Kò mọ ìdí tí mo fi dúró.”

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan náà ti ń wa tírélà, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin ti mú ọ̀pọ̀ awakọ̀ pa ìwé àkọsílẹ̀ tì, tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ẹ́ńjìnnì láti máa ka wákàtí. Wákàtí 11 ni awakọ̀ ẹrù lè fi wakọ̀ lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10. Irọ́ rọrùn láti kọ sínú ìwé. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Bírítéènì, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ pé, ìsinmi ìṣẹ́jú 45 dé.

Níhìn-ín, àjọ FRSC, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, tí Yorùbá sì ń pè ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó (orúkọ yìí dùn mọ́ mi nínú ní ìlú Ẹ̀ṣọ́), bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù lò ẹ̀rọ tó ń dín eré kù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Eré ni ìyẹn ń ká lọ́wọ́ kò, kì í ka oorun. Tracker ní tirẹ̀, ẹrù ọ̀gá ló ń ṣọ́. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀ràn wà nìyẹn: a ti ra ojú tó ń wo ọkọ̀, a kò tíì ra èyí tó ń wo ẹni tó ń wà á.

Mo bi bàbá náà bóyá ó máa fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò pàṣẹ fún un pé kó sinmi. Ó rẹ́rìn-ín. Iye ìrìn ni wọ́n fi ń sanwó fún un, kì í ṣe iye wákàtí. Bí ẹ̀rọ bá dá a dúró lóru ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, níbo ni yóò gbé ọkọ̀ sí tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀? Ta ni yóò sì san owó iṣu tó bá bàjẹ́?

Wọ́n di okùn tán nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Mọ́tò bọ́ì gun orí ẹrù, bàbá náà sì bu omi tútù sójú, ó ní òun fẹ́ kọjá Ọ̀yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.